Bí ẹ ṣe lè tọpa ìran ẹni tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ nígbà tí ẹnu ò kò lórí rẹ̀: ọ̀rọ̀ John Punch àti ìdílé Bunch

Ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹrú aláwọ̀ dúdú wà nínú ìran ìyá Obama, ìyá tó jẹ́ òyìnbó? Ta ló rí i? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?" Àwọn mìíràn ní àna ní Amẹ́ríkà, àwọn àna náà sì ń sọ fún wọn pé baba ńlá àwọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Virginia. Wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn méjèèjì. John Punch, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń sọ pé ó wà nínú ìran ìyá Obama, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé kò sí wàhálà tí ẹ lè bá pàdé tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀: orúkọ tó yí padà, ìwé tó jóná, òfin tó ń pín èèyàn sí àwọ̀, àti àyẹ̀wò DNA tí àwọn èèyàn ń kà kọjá ohun tó sọ.

Ohun kan ṣáájú. Ìran tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kì í já káàkiri. Ojú kan ni okùn náà sábà máa ń já. Ẹ wá ojú ibẹ̀ kàn, kí ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín wà níbẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀, ní ṣókí

Ní July 9, 1640, ilé ẹjọ́ àgbà Virginia dá ẹjọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ mẹ́ta tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, Hugh Gwyn, lọ sí Maryland. Wọ́n ní kí wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pàṣán 30. Victor, tí wọ́n pè ní ará Holland, àti James Gregory ará Scotland máa fi ọdún mẹ́rin lé iye ọdún tí wọ́n ti bá ọ̀gá ṣàdéhùn: ọdún kan fún ọ̀gá, mẹ́ta fún ìjọba. Ẹnì kẹta, John Punch, aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n ní kó máa sìn títí tó fi máa kú.

Ní 1654, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Bunch fara hàn nínú ìwé ilẹ̀ ní Lancaster County. Olómìnira ni, ó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ní July 2012, iléeṣẹ́ Ancestry, tó ń bá àwọn èèyàn wá ìran wọn, kéde pé ó ṣeé ṣe gan-an kí Bunch yìí jẹ́ ọmọ Punch yẹn, àti pé Obama wá láti inú ìran rẹ̀ nípasẹ̀ ìyá. Orí "ó ṣeé ṣe" yẹn ni gbogbo awuyewuye dúró lé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn mú gbajúmọ̀ ayé àtijọ́ kan, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá ara rẹ̀. Ẹ ò ní ṣàì rí ọ̀nà tó máa gbé yín débi tí ẹ ń fẹ́, torí pé ẹni tí orúkọ wọn jọra pọ̀ jọjọ. Ẹ máa gòkè lọ láti ìsàlẹ̀, ìran kan lẹ́yìn òmíràn.

1. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà, ọjọ́ ìbí àti ibi tí wọ́n ti bí i.
2. Ẹ wá ìwé tó dárúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì. Ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú, ìwé ìhágún.
3. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òbí náà. Ẹ má fo ìran kankan, kódà bí àgbà ilé bá ti sọ ọ́ fún yín.
4. Ẹ fi ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá láti 1790.

Ní ti ìkànìyàn, àwọn ọdún kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ti 1950 ni ìkẹyìn tó wà ní gbangba, torí ọdún 72 ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Ti 1880 ló kọ́kọ́ sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí baálé. Èyí tó pọ̀ jù lára ti 1890 ti ṣègbé nítorí iná tó jó ní 1921, nítorí náà ẹ má lo ọ̀sẹ̀ kan láti wá a. Ti 1850 ló kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo olómìnira inú ilé. Ṣáájú rẹ̀, orúkọ baálé nìkan ni ẹ máa rí, iye àwọn tó kù ni wọ́n kàn kọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ lórí ìkànnì FamilySearch láìsan kọ́bọ̀, bí ẹ bá ti lè forúkọ sílẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ Obama, ẹ máa rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni okùn náà gbà: láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, Stanley Ann Dunham, sí ìyá ìyá rẹ̀, Madelyn Payne tí wọ́n bí ní Kansas ní 1922, sí ìyá ìyẹn, Leona McCurry, kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Bunch. Orúkọ ìdílé yí padà ní gbogbo ìgbà tí obìnrin kan bá relé ọkọ. Ẹni tó bá ń wá "Bunch" nìkan nínú ìwé ò ní rí nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ìran. Ìwé ìgbéyàwó ni kọ́kọ́rọ́ níbí, kì í ṣe ìwé ìbí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi àmì sára ìran kọ̀ọ̀kan

Ẹ mú ìwé gbọọrọ kan. Ẹ kọ gbogbo ìran sí i láti ìsàlẹ̀ dókè. Láàárín ọmọ àti òbí, ẹ fi àmì kan síbẹ̀:

- A: ìwé ìgbà náà sọ ọ́ ní tààràtà pé lágbájá ni ọmọ tàmẹ̀dò.
- B: kò sí ìwé tó sọ ọ́ tààrà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mélòó kan tí kò mọ ara wọn rí tọ́ka síbì kan náà.
- D: a kàn gbà bẹ́ẹ̀ ni, tàbí a rí i lórí igi ìdílé tí ẹlòmíràn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí D bá wà ni kí ẹ lọ. Bí D bá pọ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Òkè ò lè dúró bí ìsàlẹ̀ ò bá dúró.

Nínú ìran Bunch, láàárín John Punch àti John Bunch ni okùn ti já. Kò sí ìwé kankan tó sọ pé ọ̀kan ló bí ìkejì. Lójú tèmi B ni ó yẹ ibẹ̀, n ò sì ní bá ẹni tó fún un ní D jà. Ẹni tó fún un ní A ni kó mú ìwé rẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wádìí ìwé tó jóná kí ẹ tó máa wá ìwé

Ẹ má lo agbára lórí ohun tí kò sí mọ́. Ní Virginia, káúntì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ló ń pa ìwé mọ́, ọ̀pọ̀ káúntì ló sì ti pàdánù tirẹ̀. New Kent, níbi tí àwọn Bunch gbé, jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó burú jù. Ní 1787 ọkùnrin kan, John Price Posey, dáná sun ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́ níbẹ̀. Wọ́n yẹgi fún un lórí rẹ̀. Ìwé Hanover àti ti James City ní tiwọn, wọ́n kó wọn lọ sí Richmond nígbà ogun abẹ́lé kí ogun má bàa bà wọ́n jẹ́, Richmond gan-an ló wá jóná ní April 1865. Iná yẹn náà ló jẹ ojúlówó ìwé ilé ẹjọ́ àgbà tó dá ẹjọ́ Punch. Ohun tí a ń kà lónìí ni ẹ̀dà tí àwọn kan ti dà kọ ṣáájú, èyí tí H. R. McIlwaine kó jọ tẹ̀ jáde ní 1924.

Ní òdìkejì omi Chesapeake, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwé ilé ẹjọ́ Northampton àti Accomack bẹ̀rẹ̀ láti 1632, wọn ò sì já. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Anthony Johnson, ọmọ Áfíríkà tó dé ní 1621 tó sì gba ilẹ̀ éékà 250 ní 1651, fi kún fún àlàyé, tí ti John Punch sì jẹ́ gbólóhùn bíi mélòó kan. Kì í ṣe pé ọ̀kan ṣe pàtàkì ju ìkejì lọ. Ọ̀kan rí ibi tí iná ò jó gbé ni.

Ẹ wo ìkànnì Library of Virginia, ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Richmond. Wọ́n to orúkọ àwọn káúntì tó pàdánù ìwé síbẹ̀. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ lọ síbi àwọn wọ̀nyí dípò:

- Ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí. Ọ̀dọ̀ ìjọba gbogbogbòò ni wọ́n wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ káúntì, nítorí náà wọn ò bá iná káúntì lọ.
- Ìwé ìjọ Áńgílíkà. Ti St. Peter's ní New Kent ṣì wà, láti 1680.
- Ẹjọ́ ogún tí wọ́n ṣe ní káúntì mìíràn, níbi tí àwọn ẹbí ti sábà máa ń ka ìran wọn síta.
- Ìwé owó-orí, tí mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí nísàlẹ̀.
- Káúntì tí àwọn ọmọ wọn ṣí lọ. Àwọn Bunch lọ sí Louisa, wọ́n sì lọ sí Carolina méjèèjì àti Tennessee.
- Iṣẹ́ Paul Heinegg lórí àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú olómìnira ní Virginia àti Carolina. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdílé Bunch sì wà níbẹ̀. Ẹ lò ó láti mọ ibi tí ìwé wà, kí ẹ sì lọ ka ìwé náà fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹ ṣe máa ka ìwé náà

*Ọjọ́.* Títí di 1752, March 25 ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. February 1654 tiwọn ni February 1655 tiwa. Bí ẹ ò bá mọ èyí, ẹ lè rí ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ìgbéyàwó òbí rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 1654/5.

*Orúkọ.* Akọ̀wé ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. P àti B kò jìnnà síra lẹ́nu, nítorí náà Punch lè di Bunch láìsí ẹni tó pinnu pé òun ń yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìdílé Bunch wà ní England, wọn ò sì mọ John Punch rí. Ìjọra orúkọ máa ń jẹ́ ká béèrè ìbéèrè ni. Kì í dáhùn rẹ̀.

*Ìwé ilẹ̀.* Virginia ń fún èèyàn ní ilẹ̀ éékà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá sanwó ọkọ̀ rẹ̀ wá. Nítorí èyí, orúkọ àwọn tí wọ́n kó wá máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti kó sí pàńpẹ́ yìí: wọ́n á rí orúkọ baba ńlá wọn nínú ìwé 1654, wọ́n á sì ní 1654 ló dé. Wọ́n lè ti kó o wá ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn kan ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn, àwọn kan sì lo orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láti gba ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kí òfin bá yín ka ìwé

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Níbi tí ìwé bá ti dákẹ́ lórí àwọ̀ ẹnì kan, owó-orí rẹ̀ lè sọ̀rọ̀.

Láti 1643, Virginia ń gba owó-orí lórí gbogbo ọkùnrin tó bá ti pé ọdún 16, àti lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó bá tó ọjọ́ orí kan náà. Obìnrin òyìnbó tó wà nílé ọkọ rẹ̀ kì í san. Ní 1668 wọ́n tún sọ ọ́ ní kedere pé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira ò bọ́ níbẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ rí ọkùnrin kan nínú ìwé owó-orí, wọ́n kọ 2 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá ọmọkùnrin tó ti pé ọdún 16 nílé rẹ̀, kò sí. Ẹ wá ọmọ-ọ̀dọ̀, kò sí. Ta ni ẹnì kejì tí wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò ò ka ìyàwó náà sí òyìnbó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lójú ìwé ti sọ ohun tí kò sẹ́ni tó kọ. Ẹ tún yẹ ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e wò kí ẹ tó gbà á; àlejò tàbí àbúrò lè ti gbélé náà fún ọdún kan.

Òfin mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀:

1. December 1662: ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ. Nítorí náà, bí John Bunch olómìnira bá jẹ́ ọmọ John Punch tó ń sìn títí ikú lóòótọ́, àfàìmọ̀ kí ìyá rẹ̀ má jẹ́ obìnrin tó ní òmìnira, bóyá òyìnbó. A bí i ṣáájú òfin náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe sábà ń lọ nìyẹn.
2. 1691: wọ́n fòfin de ìgbéyàwó láàárín òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú tàbí mulatto (ẹni tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú jọ wà lára rẹ̀).
3. October 1705: wọ́n là á kalẹ̀ pé ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọmọ ọmọ-ọmọ aláwọ̀ dúdú, mulatto ni gbogbo wọn lójú òfin.

Ní 1705 yẹn kan náà, ṣáájú òfin ìkẹta, John Bunch kan láti inú ìdílé yìí fẹ́ fẹ́ Sarah Slayden, òyìnbó. Àlùfáà kọ̀, kò so wọ́n pọ̀. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ gómìnà, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú agbẹjọ́rò àgbà. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran yìí pé ẹ̀bẹ̀ ìgbéyàwó yẹn wúlò ju igi ìdílé ogún lọ. Ìwé ìgbà náà ni, ìjọba ló kọ ọ́, ó sì fi hàn pé ní nǹkan bí ọdún 65 lẹ́yìn ẹjọ́ Punch, àwọn èèyàn New Kent ò gbà pé òyìnbó pátápátá ni àwọn Bunch. Baba ńlá aláwọ̀ dúdú kan wà lẹ́yìn wọn, kò sì tíì jìnnà.

Ìgbésẹ̀ 6: DNA, ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ

Irú mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

*Y-DNA* máa ń ti ọ̀dọ̀ baba lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin nìkan. Òun ló bá ọ̀rọ̀ Bunch mu. Àwọn ọkùnrin tó ṣì ń jẹ́ Bunch, tí ìran wọn gòkè dé Virginia, ṣe àyẹ̀wò náà, haplogroup E1b1a (orúkọ ẹ̀ka ìran baba kan) ló jáde. Áfíríkà ló ti wá. Èyí jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ 1705 ti sọ.

*mtDNA* ń gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ sọ́dọ̀ ìyá. Kò wúlò fún ìran Bunch yìí.

*Autosomal*, èyí tí wọ́n ń polówó káàkiri, ń kó láti ọ̀dọ̀ gbogbo baba ńlá yín, ṣùgbọ́n ó ń dín kù ní ìdajì ní ìran kọ̀ọ̀kan. Láàárín Obama àti John Punch, ìran 13 ni wọ́n kà. Ẹni tó bá gòkè tó ìran 13 ti ní àyè baba àti ìyá ńlá 8,192 nínú ìran yẹn nìkan. Kò sí bí itọ́ tí ẹ tu sínú ìgò ṣe máa yọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn jáde fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Y-DNA:

1. Ẹ wá ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé náà, tí wọ́n jìnnà síra, tí ìran wọn pàdé lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń wá tàbí ọmọ rẹ̀.
2. Ẹ rí i pé ìwé ti fi ìdí ìran àwọn méjèèjì múlẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò.
3. Ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àyẹ̀wò lè tú àṣírí tó sún mọ́lé. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó.
4. Bí èsì méjèèjì bá bára mu, ẹ ti rí ohun tí baba ńlá wọn gbé. Bí kò bá bára mu, oyún ìta tàbí ìgbàtọ́ lè wà ní ẹ̀ka kan. Ẹ wá ẹnì kẹta.

Ìkìlọ̀ fún àwa Yorùbá ní pàtàkì. E1b1a pọ̀ lára wa gan-an, mo sì ti rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ kéde pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni John Punch. Ẹ má gbà á. Haplogroup yìí pọ̀ láti Senegal títí dé gúúsù Áfíríkà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a mọ̀ pé wọ́n kọ́kọ́ dé Virginia, láti 1619, ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti agbègbè Angola. Ohun mìíràn tún wà: ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé kan lórí DNA, wà lára àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ jákèjádò ayé fi ń ṣe ìfiwéra. Bí iléeṣẹ́ kan bá wá kọ "Yorùbá" sínú èsì yín, ẹ béèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àti ti ta ni wọn ò ní lọ́wọ́.

DNA ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ pé ọmọ Áfíríkà ni baba ńlá àwọn Bunch. Kò sọ pé Punch ni. Ohun tó mú kí àwọn tó gbà á ní ẹnu ọ̀rọ̀ ni pé aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ ní Virginia nígbà náà. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1649 kà wọ́n sí nǹkan bí 300. Láàárín 300, àwọn tí orúkọ wọn lè di Bunch, tí wọ́n sì wà ní agbègbè odò York, ò lè ju díẹ̀ lọ.

Ẹ yẹra fún àwọn wọ̀nyí

- Igi ìdílé tí kò ní ìwé lẹ́yìn, kódà bí èèyàn 500 bá ti dà á kọ. Ẹnì kan ni wọ́n jọ dà kọ.
- Ìwé ìran aláràbarà tí wọ́n fi awọ dì. Gustave Anjou, tó kú ní 1942, fi ayé rẹ̀ ṣe ayédèrú ìran tà fún àwọn olówó Amẹ́ríkà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì wà nínú àwọn ilé ìkàwé.
- Àmì ẹ̀yẹ ìdílé England tí wọ́n ń tà fún orúkọ èyíkéyìí.
- Ọ̀rọ̀ "àwọn arákùnrin mẹ́ta ló jọ wọkọ̀ wá." Gbogbo ìdílé ló ní in. Ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀.

Bí ọ̀nà bá dí

Ẹ fi ẹni náà sílẹ̀, kí ẹ lọ bá àwọn tó yí i ká. Ta ló jẹ́rìí sí ìwé ilẹ̀ rẹ̀? Ilẹ̀ ta ló bá tirẹ̀ pààlà? Ta ló dúró fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìrìbọmi? Ní New Kent, níbi tí ìwé káúntì ò sí, ààlà ilẹ̀ nínú ìwé gómìnà ló kù láti fi mọ ẹni tó gbé ìtòsí ẹni.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tó máa bá yín ṣe é ní Richmond, ẹ má sọ fún un pé "ẹ bá mi wá ìran mi." Owó á lọ, iṣẹ́ ò ní hàn. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní ibi àti ọdún, ẹ to ohun tí ẹ ti wò sílẹ̀, kí ẹ sì ní kó kọ èyí tó wò tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e sórí igi ìdílé, ẹ má so John Bunch mọ́ John Punch. Ẹ fi ààyè baba sílẹ̀ lófo, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ pé: "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ John Punch tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ní 1640. Ẹ̀rí: Y-DNA, ẹ̀bẹ̀ 1705, ìjọra orúkọ. Kò sí ìwé tó so wọ́n pọ̀." Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, láàárín oṣù díẹ̀ ẹ máa rí i lórí igi àwọn ẹlòmíràn láìsí àlàyé yín lábẹ́ rẹ̀.